Olóòtú, ẹ máa sọ ohun tó wà nínú fóònù fún wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ewé tí ẹ fi ń kéde fóònù tuntun wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín ní Òṣogbo níbí. Wọ́n ń gé e mú lọ sí ìsọ̀ fóònù ní Alẹ́kúwodò àti Ìgbọ̀nà, wọ́n á tọ́ka sí i pé irú èyí gan-an làwọn fẹ́. Bí ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ bá kọjá tí fóònù ò tíì dé, ọlọ́jà ni wọ́n ń bá bínú. Bó bá wá dé tí wọ́n rà á, tí kò ṣe bí wọ́n ṣe rò, ọ̀dọ̀ àwa tá a ń tún fóònù ṣe ni wọ́n ń gbé e wá. Ohun tá a fẹ́ bẹ̀ yín fún kò le rárá: ẹ dín ariwo ọjọ́ kù, kí ẹ sì máa sọ ohun tó wà nínú fóònù fún òǹkàwé.

Ọjọ́ mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ pé fóònù jáde. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kéde rẹ̀ ni kìíní. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tà á lókè òkun ni kejì. Ọjọ́ tí èyí tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà dé ọwọ́ alágbàtà ni kẹta. Èyí àkọ́kọ́ lẹ sábà máa ń tẹ̀, òǹkàwé á sì rò pé ìkẹta ni. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2017 ni Apple kéde iPhone X, ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ló tó dé orí àtẹ. Lọ́dún 2020 tí àrùn kòrónà da iṣẹ́ rú, iPhone 12 tó yẹ kó jáde nínú oṣù Kẹsàn-án di oṣù Kẹwàá, àwọn ẹ̀dà rẹ̀ méjì, mini àti Pro Max, sì di oṣù Kọkànlá. Lásìkò tí ṣíìpù wọ́n káàkiri ayé ní 2021, Galaxy S21 FE ti Samsung pẹ́ títí ó fi di oṣù Kìíní 2022, nígbà tí S22 fúnra rẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn.

Ẹni tó bá ń bínú pé fóònù pẹ́, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èyí tí kò pẹ́. Galaxy Note 7 wọ ọjà ní oṣù Kẹjọ 2016. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Samsung fi ní kí wọ́n dá nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ rẹ̀ padà, torí ó ń gbaná. Wọ́n fi bátìrì ilé iṣẹ́ mìíràn sí i, wọ́n tún kó o jáde, èyí náà tún ń gbaná. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, wọ́n pa á tì pátápátá. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kìíní 2017 fi hàn pé àléébù méjì tí kò jọra ni. Bátìrì àkọ́kọ́, àpò rẹ̀ há jù ní igun òkè, ó tẹ abala inú rẹ̀ kọ títí ìhà kan fi kan èkejì. Bátìrì kejì, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ yọ ṣóńṣó, ó gún awọ tó ya ìhà méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú àwọn mìíràn, téèpù tó yẹ kó bo ibẹ̀ kò tilẹ̀ sí. Àyẹ̀wò tó péye ì bá ti rí méjèèjì kí fóònù tó kúrò nílé iṣẹ́.

Ẹ wá wo Galaxy Fold. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 2019 ni wọ́n fẹ́ tà á. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún láti dán an wò, àwọn kan nínú wọn bó awọ kan lójú rẹ̀, wọ́n rò pé irú rọ́bà tí à ń bó dànù lójú fóònù tuntun ni. Ojú fóònù kú. Nínú òmíràn, ìdọ̀tí gba ibi tó ti ń ṣẹ́ po wọlé sábẹ́ ojú rẹ̀. Samsung dá títà dúró títí di oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n na awọ náà wọ abẹ́ etí fóònù kí èékánná má lè rí i bó mọ́, wọ́n sì dí òkè àti ìsàlẹ̀ ibi ìṣẹ́po náà kí erùpẹ̀ má ráyè wọlé. Ẹni tó rà á ní oṣù Kẹsàn-án jàǹfààní ìdádúró yẹn, owó rẹ̀ kò sì ṣòfò. Bí ẹ bá ń kọ ìròyìn pé fóònù kan pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wádìí ohun tí wọ́n dúró tún ṣe, òun ni òǹkàwé nílò.

Tó bá kúrò lókè òkun, ó tún ku ti ilé. Kí fóònù tó wọ Nàìjíríà lọ́nà ẹ̀tọ́, àjọ NCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ dọ́là. Láti oṣù Kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà lé ọjà lọ́wọ́, alágbàtà kì í fẹ́ kó ọjà rẹpẹtẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù ń bà á pé iye dọ́là á yí kó tó tà tán. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kó o. Èkó á kọ́kọ́ gbà, Ìbàdàn á gbà, kó tó kan Òṣogbo.

Àwọn tí kò lè dúró ló ń kó sínú wàhálà jù. Wọ́n á ní kí ẹbí bá àwọn fi èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́, tàbí kí wọ́n ra tòkunbọ̀ tó ti wọlé ṣáájú ojúlówó. Láti iPhone 14 ti ọdún 2022, èyí tí Apple ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ihò síìmù rárá, eSIM nìkan ló ń gbà, ìyẹn síìmù tó ti wà nínú fóònù, tí a kì í fọwọ́ kì bọ̀ ọ́. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń ṣe eSIM lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń yọ síìmù méjì mẹ́ta sínú síta bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí ládùúgbò rẹ̀ kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn wà tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lókè òkun ti tì pa, tí kò ní gba síìmù ẹlòmíràn títí tí ẹni tó tì í á fi ṣí i. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà ń tà tún ní àléébù tirẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìgbì 800MHz tí 4G ń gbà níbí, èyí tí wọ́n ń pè ní band 20. Ìgbì yẹn ló ń rìn jìnnà, tó sì ń wọnú ilé dáadáa. Láàárín ìgboro, fóònù bẹ́ẹ̀ á ṣe dáadáa. Tó bá ti yà sí abúlé tàbí tó wọ yàrá inú, á já bọ́ sí 3G. Kò sí ohun tí àwa atúnfóònù lè ṣe sí i, kì í ṣe ìbàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. 5G wa, ìgbì 3.5GHz ló wà, èyí tó ń jẹ́ n78. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó 5G.

Ká wá bọ́ sínú fóònù gan-an. Fóònù méjì lè jọra bí ìbejì, kí wọ́n jẹ́ orúkọ kan náà, kí processor wọn tó jẹ́ ọpọlọ fóònù sì yàtọ̀. Galaxy S20 ti ọdún 2020, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ń lo Snapdragon 865, èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù àti lápá ọ̀dọ̀ wa ń lo Exynos 990. Àwọn tó gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n rí i pé ti Exynos ń tètè gbóná, bátìrì rẹ̀ sì ń yára lọ sílẹ̀. Nígbà tó di S23 ní 2023, Samsung fi Snapdragon sí gbogbo rẹ̀ níbi gbogbo. Ní 2024, wọ́n tún pín in: S24 Ultra ń lo Snapdragon, S24 àti S24+ ń lo Exynos 2400 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe ti olówó nìkan. Galaxy A14 tí ọ̀pọ̀ rà níbí, ẹ̀dà 4G rẹ̀ kan ń lo Exynos 850, òmíràn ń lo Helio G80 ti MediaTek. Bí ẹ bá kọ “Galaxy A14” lásán, òǹkàwé ò tíì mọ èyí tó fẹ́ rà.

Ibi ìfipamọ́ ni a máa fi gbogbo ẹnu sọ, torí òun ló ń sọ fóònù olówó pọ́ọ́kú di aláìwúlò jù, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń bi ọlọ́jà léèrè rẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, eMMC àti UFS. Lórí páálí, 128GB ni wọ́n á kọ sí méjèèjì. eMMC 5.1 kò lè kọjá 400 megabáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní: tó bá ń kà, kò lè kọ, tó bá ń kọ, kò lè kà. UFS lè kà kó sì máa kọ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó jẹ́ UFS 2 pàápàá lè lé ní 1,000. Lọ́jọ́ tí èèyàn ra fóònù eMMC, kò ní mọ̀. Tó bá di oṣù mélòó kan tí WhatsApp ti kó fídíò ìkíni àárọ̀ àti fọ́tò òde kún un, bí mẹ́sẹ́jì ẹgbẹ́ ṣe ń wọlé lábẹ́lẹ̀ ni fóònù ń kọ ọ́, ohun tí èèyàn fẹ́ ṣí á sì máa dúró kó kọ tán. Ojú fóònù á dì. Wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n á lọ gbé áàpù tó ń pa fáírọ́ọ̀sì sí i, ìyẹn náà á tún máa kọ, á sì máa kà.

Irú ibi ìfipamọ́ yìí kò lè kọ nǹkan tuntun lórí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní láti kó èyí tó ṣì wúlò lọ síbòmíràn, kó wá pa odindi apá kan rẹ́, kó tó kọ. Bí àyè bá ti fẹ́ tán, iṣẹ́ kíkó yìí ni yóò máa ṣe ṣáá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ láìkún. Nínú 64GB, bíi 12GB. Ẹ wọ Settings nínú WhatsApp, ẹ tẹ Storage and data, ẹ pa gbogbo ohun tó wà lábẹ́ Media auto-download, kó jẹ́ pé ohun tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ nìkan ló máa wọlé. Lójú ibẹ̀ kan náà, ẹ ṣí Manage storage, á tò wọ́n bí wọ́n ṣe wúwo tó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó wúwo jù. Bí eMMC bá kú pátápátá, fóònù á dúró sórí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kò ní kọjá ibẹ̀. A lè fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná yọ ọ́ kúrò lórí bọ́ọ̀dù, ká fi òmíràn rọ́pò, ṣùgbọ́n fọ́tò inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ RAM yá, ibi tí fóònù ń gbé ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, òun náà ń tan èèyàn jẹ. Wọ́n á kọ 8GB gàdàgbà sórí páálí, wọ́n á wá kọ 4+4 sísàlẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Mẹ́rin péré ni RAM. Mẹ́rin yòókù, ibi ìfipamọ́ ni wọ́n ti yá a, ibi ìfipamọ́ ò sì lè yára bíi RAM láéláé. Lórí eMMC, ó tún ń dá kún ìdílọ́wọ́ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa tẹ RAM tòótọ́ nìkan.

Ti kámẹ́rà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kámẹ́rà 50 megapixel sábà máa ń pa pixel mẹ́rin, ìyẹn ẹyọ tó-tò-tó tó ń kó fọ́tò jọ, pọ̀ di ọ̀kan, fọ́tò tó ń yà á sì jẹ́ bíi 12.5 megapixel. Àwọn ojú kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn fóònù olówó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣe nǹkan kan tí èèyàn lè rí.

Ojú fóònù ni ó ń mú èèyàn wá sọ́dọ̀ wa jù. IPS LCD ló wà lójú ọ̀pọ̀ itel, Tecno Spark àti Redmi kéékèèké. AMOLED ló wà lójú ọ̀pọ̀ Galaxy A ńlá, Tecno Camon àti Infinix Note kan, àti iPhone láti 12 wá, yàtọ̀ sí SE ti ọdún 2022. LCD kò wọ́n, tó bá fọ́, èyí tá a máa fi rọ́pò rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. AMOLED dúdú dáadáa, ó dáa lójú nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ojúlówó rẹ̀ lè súnmọ́ iye tí èèyàn fi máa ra fóònù tòkunbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí LCD tí wọ́n gé bíi AMOLED fi kún ọjà. Ẹ lè dá a mọ̀ láìtú fóònù. Ẹ ṣí fọ́tò tó dúdú pátápátá nínú òkùnkùn: AMOLED á kú pátá bí ẹni pé fóònù ò tàn, LCD á máa tàn bí eérú. Ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà etí rẹ̀ á yọ díẹ̀ lára fírémù, erùpẹ̀ á máa gba ibẹ̀ wọlé. Bí ibi ìtẹ̀ka fóònù bá wà lábẹ́ ojú rẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, torí ìmọ́lẹ̀ tó ń ka ìka kò lè gba ẹ̀yìn LCD kọjá. Atúnfóònù tó bá fi irú rẹ̀ sí fóònù èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó gbowó. Àwọn tí kì í sọ ọ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ fún gbogbo wa.

Bátìrì náà nìyẹn. Iye mAh, ìyẹn bí iná tó ń gbà ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n kọ sára bátìrì ọjà, wọ́n lè kọ ohun tó wù wọ́n. Òṣùwọ̀n kì í purọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bátìrì 5,000mAh tòótọ́ máa ń wọ̀n tó 65 sí 75 giráàmù. Èyí tó bá wọ̀n 45 tí wọ́n kọ 5,000 sí lára, irọ́ ni. Ooru ló ń pa á jù lọ. Apple fúnra rẹ̀ sọ pé kí ooru tó yí fóònù ká má kọjá 35°C, bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sínú oòrùn, ó ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Fóònù tó wà lórí ṣájà lábẹ́ ìrọ̀rí ń jẹ bátìrì rẹ̀ níyà. Tí ẹ̀yìn fóònù bá ti wú, tí ojú rẹ̀ ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ má sì gún un. Ẹ pa á, ẹ gbé e wá.

Nípa ṣájà, Samsung ti yọ ọ́ kúrò nínú páálí àwọn fóònù ńlá rẹ̀ láti S21, Apple láti iPhone 12. Àwọn èèyàn wá ń lo èyí tí wọ́n bá rí. Fóònù Samsung tó ń gba 25 wáàtì, ṣájà USB-C tó ní PD PPS, ìlànà tí ṣájà àti fóònù fi ń fohùn ṣọ̀kan lórí iye iná, ló ń jẹ́ kó gbà á. Tí wọ́n bá kì í bọ ṣájà 33 wáàtì ti ilé iṣẹ́ mìíràn tí kò ní in, ó lè máa gba 10 péré. Kò bàjẹ́, èdè tí méjèèjì ń sọ ni kò pa pọ̀. Okùn tín-ín-rín náà ń dá iná dúró lọ́nà. Ṣájà ayédèrú kò ní ohun tó ń sẹ́ iná, bí iná bá sì ṣe ń ga tó ń lọ sílẹ̀ ládùúgbò tàbí lára jẹnẹrétọ̀, ó ń gbé e wọ fóònù bẹ́ẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé tí fóònù bá wà lórí ṣájà, ojú rẹ̀ á máa fo, á máa tẹ ara rẹ̀.

Bí fóònù ò bá gba iná mọ́, ẹ má tíì ra ihò ṣájà. Ẹ pa á, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ihò náà. Ẹ máa rí i pé òwú àpò ṣòkòtò àti erùpẹ̀ ti dì mọ́ ìdí rẹ̀, ó ti le bí ìṣù, orí okùn ò dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ fi igi tútayín tó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe abẹ́rẹ́, wá a jáde díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kan irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín. Bó bá mọ́ tí kò ṣì gbà, ìgbà yẹn ni ká tú u. Níbí ni ìyàtọ̀ àmì fóònù ti ń hàn gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti Galaxy A, ihò ṣájà wà lórí bọ́ọ̀dù kékeré tó dá dúró nísàlẹ̀. A máa tú síkúrù rẹ̀, a yọ ọ́, a fi òmíràn sí i, owó rẹ̀ kéré. Nínú àwọn mìíràn tó pọ́ọ́kú jù, wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ńlá, ó gba ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ̀ọ́n jó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n á mú un gbóná ju bó ṣe yẹ, á sì ba ojú ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Nínú iPhone, ó wà lára okùn pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú máíkì, a ní láti tú fóònù dé ìdí kí á tó dé ibẹ̀.

Bí fóònù bá bọ́ sínú omi, bóyá lásìkò ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo nínú oṣù Kẹjọ tí èrò kún etí odò tí òjò sì ń rọ̀, ẹ má fi sínú ìrẹsì. Ìrẹsì kò fa omi tó wà lábẹ́ ṣíìpù, èérún rẹ̀ sì ń wọ ihò ṣájà. Iná tó wà nínú fóònù ló ń jẹ irin bọ́ọ̀dù nígbà tí omi bá wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má fi sórí ṣájà, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti isopropyl alcohol fọ bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé IP68, àmì pé fóònù lè dènà omi, tó wà lórí páálí fóònù tí wọ́n ti tú rí. Gọ́ọ̀mù tó ń dá omi dúró ti já.

A ò sọ pé àmì kan dára ju gbogbo àmì lọ. Tecno, Infinix àti itel, ilé iṣẹ́ Transsion kan náà ló ni wọ́n. Ẹ̀yà ara wọn pọ̀ lọ́jà, Carlcare tó jẹ́ ilé àtúnṣe wọn sì wà fún wọn, àǹfààní ńlá nìyẹn. Àìlera wọn ni eMMC tó ṣì pọ̀ nínú àwọn olówó kékeré, àti sọ́fítíwíà tí kì í pẹ́ dẹ́kun àtúnṣe. iPhone ń pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n láti XR àti XS ló ti ń kọ̀wé síta bí bátìrì tí wọ́n pààrọ̀ kò bá jẹ́ ti Apple, láti 11 ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú fóònù. Google Pixel ń ya fọ́tò tó dáa, àmọ́ Google kò tà á ní Nàìjíríà, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣòro rí ní Òṣogbo.

Ìdádúró tí a kò tíì gbọ́ kí ìwé ìròyìn sọ ni ti sọ́fítíwíà. Google á kọ Android tuntun, ilé iṣẹ́ ṣíìpù á mú un bá ṣíìpù rẹ̀ mu, ilé iṣẹ́ fóònù á tún fi aṣọ tirẹ̀ wọ̀ ọ́, HiOS ti Tecno, XOS ti Infinix, One UI ti Samsung, kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Android 15 dé orí Pixel ní oṣù Kẹwàá 2024. Oṣù Kẹrin 2025 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí Galaxy S24. Pixel 8 àti S24, ọdún méje ni wọ́n ṣèlérí àtúnṣe fún. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó kékeré kò ju ẹ̀yọ kan tàbí méjì lọ. Áàpù báǹkì kì í gba Android tó ti gbó, ìyẹn ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ra tòkunbọ̀ pé ó ti pẹ́ jù.

Ẹni tó wà nílé ìtajà lónìí lè ṣe díẹ̀ kó tó sanwó. Kó tẹ *#06#, kí nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, tó yọ bá ti páálí mu. Lórí Samsung, *#0*# máa ń ṣí àyẹ̀wò ojú fóònù. Kó tẹ àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wá ìlà tàbí àbàwọ́n, kó fi ìka fa gbogbo ojú rẹ̀. Lórí iPhone, kó wọ Settings, General, About, kó wo ohun tí wọ́n kọ sí Parts and Service History, kó sì rí i pé ẹni tó ń tà á ti yọ Apple ID rẹ̀ níwájú òun. Kó fi síìmù tirẹ̀ pe èèyàn, kó tan dátà, kó wò ó bóyá 4G dúró. Kó fi ya fídíò fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ń gbóná jù. Kó fi sórí ṣájà, kó mi okùn díẹ̀, kó wò ó bóyá iná ń já.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí, Olóòtú. Lábẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé jáde, ẹ fi àyè kékeré kan kọ processor èyí tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, eMMC tàbí UFS, RAM láìsí ti yíyá, LCD tàbí AMOLED, ọdún tí wọ́n ṣèlérí àtúnṣe sọ́fítíwíà, bóyá ó ní band 20 àti n78, àti bóyá ṣájà wà nínú páálí. Tí ẹ bá ń kọ ọjọ́, ẹ sọ èwo nínú mẹ́ta ni. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ sí ìtẹ̀wé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a ṣe tán láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa kan nínú àwọn atúnfóònù,
Alẹ́kúwodò, Òṣogbo.